Ìyá Tó Ń Fọ Fìlà Ọkùnrin ní Kofar Doya

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ní Sókótó, obìnrin kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó fi fífọ fìlà ọkùnrin ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Àlàkẹ́ ni orúkọ wọn, ọmọ Pàkátà ní Ìlọrin. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìyá ni mo ń pè wọ́n, nítorí àwọn ló tọ́ mi. Ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ayé sílẹ̀, lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í dá mi dúró lójú ọ̀nà láti sọ ohun tí Ìyá ṣe fún un, tàbí ohun tí Ìyá sọ sí i. Èyí tí wọ́n sọ síni ló pọ̀ jù, nítorí ẹnu Ìyá mú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó sọ tirẹ̀ fún mi láìrẹ́rìn-ín.

Ẹni tí kò bá gbé òkè Ọya rí lè má mọ̀ pé odidi iṣẹ́ ni fífọ fìlà. Fìlà tí àwọn Haúsá ń dé, èyí tó máa ń dúró ṣánṣán lórí, tí a fi òwú kó iṣẹ́ sí lára yípo, kì í ṣe ohun tí a ń jù sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò. A ó fi omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ ojú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ṣàn án, a ó rì í sínú sítáàṣì, a ó wá nà án sórí igi róbótó tí a gbẹ́ bí orí èèyàn kó lè gbẹ. Bí sítáàṣì bá pọ̀ jù, fìlà á le bí igbá. Bí ó bá kéré jù, á wó lé olówó rẹ̀ lójú níbi tó ti ń kírun. Ní Sókótó, àwọn obìnrin ló ń jókòó sílé kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí fìlà, ṣùgbọ́n bó bá ti jáde nílé báyìí, fífọ̀ rẹ̀ di ti ọkùnrin.

Ádámù, ọkọ Ìyá, ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìlọrin ni àwọn náà. Kékeré ni wọ́n ti dé Sókótó, wọ́n kọ́ fìlà fífọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá Haúsá kan ní ẹnubodè Kofar Doya, wọ́n sì ní àyè tiwọn lábẹ́ igi dogoyárò kan níbẹ̀. Ní ọdún 1974, wọ́n padà lọ sílé lọ gbé ìyàwó. Ọmọ ogún ọdún ni Ìyá nígbà náà. Wọ́n máa ń sọ pé ohun kan ṣoṣo tí àwọn mọ̀ nípa Sókótó kí àwọn tó wọkọ̀ ni pé ibẹ̀ ni àlùbọ́sà ti ń wá.

Yàrá kan ni tọkọtaya náà gbà ní Gidan Igwai. Nana, ìyàwó ilé tó ń gbé yàrá kejì, ló kọ́ Ìyá ní èdè. Nana kò gbọ́ Yorùbá, Ìyá kò gbọ́ Haúsá. Nana á gbé ìgbálẹ̀ sókè, á pe orúkọ rẹ̀, Ìyá á pè é tẹ̀lé e. Bí Ìyá bá ṣì í pè, àwọn méjèèjì á jókòó sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe gba ìgbálẹ̀ dé orí ìkòkò, tí wọ́n gba orí ìkòkò dé orí ọ̀rọ̀ ọkọ nìyẹn. Ohùn Ìlọrin kò kúrò nínú Haúsá Ìyá títí ọjọ́ ikú wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń sín wọn jẹ. Ìyá á dúró gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní kí ọmọ náà tún un sọ, pé kò tíì jọ àwọn tó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá bímọ, ọmọ kankan nínú wọn kò pé ọdún kan láyé. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nana ló sọ ọ́ fún mi.

Ọdún 2000 ni èmi dé ọ̀dọ̀ wọn. Màmá tó bí mi ti kú, bàbá mi, Mùhyídéènì, tí wọ́n jẹ́ àbúrò Ìyá, kò sì mọ ohun tí wọ́n lè fi ọmọbìnrin ọlọ́dún méje ṣe. Wọ́n gbé mi wọkọ̀ láti Ìlọrin. Ìgbà tí a máa fi dé Gidan Igwai, eruku ti sọ irun mi di pupa. Ìyá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní mo mọ oorun sùn. Ojú ti bàbá mi, ṣùgbọ́n Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fara ti ògiri. Wọ́n ní iṣẹ́ ńlá ni, pé ẹní wà nínú yàrá, kí n lọ bẹ̀rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni gbogbo ilé ti ń pe Ìyá ní Ìyá Ameerat, tí wọ́n ń pe ọkọ wọn ní Bàbá Ameerat. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fi retí ẹni tí a ó fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ irú àyè tí wọ́n fi mí sí lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ náà gan-an, mo kàn sùn ni.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nínú oṣù ààwẹ̀, Bàbá Ádámù ń múra àtilọ sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àtìní kan, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí bàtà, ọwọ́ kò gbé bàtà. Wọ́n fẹ́ pe Ìyá, ẹnu yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ìgbà tí a gbé wọn dé láti ilé ìwòsàn, ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá kí a ṣe Ìtúnu, fìlà mẹ́rìndínlógójì ló sì wà nínú àpò tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Àwọn kan ti ń wá láti gba tiwọn padà ní ìdọ̀tí rẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ọdún kò ní bá a níhìn-ín.

Wọ́n gbé bàsíà sí iwájú ẹní tí Bàbá wà, wọ́n ní kí Bàbá máa júwe bí a ti ń ṣe é. Bàbá wo bàsíà, wọ́n wo Ìyá.

"Fìlà ọkùnrin ni, Àlàkẹ́."

"Ṣòkòtò tí mo ti ń fọ̀ fún yín láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ṣé ti obìnrin ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti mú wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í júwe. Ohun tí ẹnu wọn kò bá lè pè, wọ́n á fi orí sọ ọ́. Wọ́n á fi ìka méjì ọwọ́ òsì yẹ sítáàṣì wò, wọ́n á mi orí, Ìyá á tún bu omi sí i. Èmi ni mo ń gbé àwọn fìlà lọ sí ibi tí oòrùn wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ṣe é, pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu.

Márùndínlógójì nínú wọn jáde dáadáa. Èyí tó kù ni ti Àlàájì Abba, tí wọ́n ń ta awọ ní ọjà Kasuwar Kara. Fìlà funfun ni, tí a fi òwú pupa kó iṣẹ́ sí lára. Omi tí Ìyá lò gbóná jù, pupa náà sì ṣàn kalẹ̀ sára funfun. Gbogbo ilé kó ìmọ̀ràn jọ. Ẹnì kan ní kí Ìyá sọ pé olè gbé e. Òmíràn ní kí wọ́n sọ pé èmi ni mo rì í sómi láìjẹ́ pé àwọn mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa bá ọmọdé jà. Ìyá dá wọn lóhùn pé àwọn kò ní fi irọ́ di ẹrù lé ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá lórí. Wọ́n fi aṣọ mímọ́ wé fìlà náà, wọ́n mú mi lọ́wọ́, ó di Kasuwar Kara.

Àlàájì Abba jókòó láàárín òkìtì awọ. Èèyàn gíga ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ìyá kúnlẹ̀, wọ́n tú aṣọ náà.

"Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́," Ìyá sọ ní Haúsá. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. N ó ṣe òmíràn fún yín."

Àlàájì wo fìlà náà títí. Wọ́n ní Ádámù ni àwọn gbé fìlà fún, àwọn kò gbé e fún obìnrin. Wọ́n yí padà sí oníbàárà wọn, ọ̀rọ̀ tán. Ìyá dìde, wọ́n gbọn iyanrìn orúnkún wọn, wọ́n sì kí gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ kí a tó kúrò. Mo rò pé Ìyá máa sunkún lọ́nà. Wọ́n ra fùrá, ọkà tí a pò mọ́ wàrà tútù, fún mi, èmi ò sì tíì máa gbààwẹ̀ pé nígbà náà, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń mu ún. Wọ́n ní, "Àlàájì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin."

Nígbà tí a délé, Ìyá lọ bá Nana pé kí wọ́n kọ́ àwọn ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nana ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, pé ojú ti lọ. Ìyá ní ojú Nana ni àwọn fẹ́ yá, ọwọ́ àwọn ṣì wà. Lójoojúmọ́, bí a bá ti kírun Alásàárì tán, wọ́n á jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ìyá kó iṣẹ́ náà tí Nana tú u. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, Ìyá bínú dìde, wọ́n lọ gún ata tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n tún padà wá jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni fìlà náà gbà. Ọjọ́ tí ó parí, Nana yí inú rẹ̀ síta, wọ́n wá ibi tí a ti so òwú títí, wọn kò rí i. Wọ́n dà á padà fún Ìyá, wọ́n sì wọlé lọ gbé kókó, ẹ̀kọ mímu àwọn Haúsá, jáde fún gbogbo wa.

Ìyá fọ fìlà tuntun náà, wọ́n fi sítáàṣì sí i, a tún di Kasuwar Kara. Àlàájì Abba dé e. Wọ́n ṣí i, wọ́n wo inú rẹ̀, wọ́n bi Ìyá pé ta ló kó iṣẹ́ sí i.

"Èmi ni."

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni."

Àlàájì ní, "Tóò." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn fúnra wọn gun ọ̀kadà wá sí Gidan Igwai pẹ̀lú àpò kan lẹ́sẹ̀, fìlà mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, tiwọn àti ti gbogbo ọkùnrin ilé wọn. Títí Àlàájì fi kú, ẹlòmíràn kò fọ fìlà wọn mọ́.

Nígbà tó yá, àyè kò gbà wá mọ́ nílé. Gbogbo ògiri ni fìlà wà. Ìyá wá ní àwọn ń lọ sí ìsọ̀ Bàbá ní Kofar Doya. Ṣùgbọ́n àyè náà ti ṣófo fún oṣù mélòó kan, Hassan, tí wọ́n jẹ́ àgbà láàárín àwọn tó ń fọ fìlà níbẹ̀, sì ti ń wá ọkùnrin tí wọ́n máa fi sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Ìyá ti kó bàsíà àti àwọn igi fìlà sábẹ́ dogoyárò. Ìjókòó nìkan ni wọn kò rí gbé, nítorí ó ti wúwo jù fún èmi àti wọn. Hassan dé, wọ́n kí Ìyá dáadáa, wọ́n béèrè àlàáfíà Bàbá, wọ́n wá ní obìnrin kì í jókòó níbẹ̀.

Ìyá ní, "Kò burú. Mi ò ní jókòó."

Wọ́n sì dúró. Láti òwúrọ̀ títí di ìrun Alásàárì, wọ́n dúró fọ fìlà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dúró. Àwọn tó ń kọjá lọ ń wò. Àwọn ọlọ́kadà ń fi ẹsẹ̀ tilẹ̀ kí wọ́n lè rí obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí bàsíà tí kò jókòó. Ẹsẹ̀ Ìyá wú, mo ń fi òróró pa á nílé, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lọ mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, Hassan gbé bẹ́ǹṣì kan wá láti ilé wọn, wọ́n gbé e sílẹ̀ sẹ́yìn Ìyá, wọ́n sì lọ bá iṣẹ́ wọn. Ìyá jókòó. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì fi ṣe aládùúgbò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ń ya ara wọn ní sítáàṣì.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ìsọ̀ náà ni pé Ìyá kò fi Bàbá sílẹ̀ sílé. Nígbà tí Bàbá ti lè fi ọ̀pá rìn, wọ́n á jọ jáde láràárọ̀. Bàbá á jókòó ní iwájú, Ìyá ní ẹ̀yìn níbi bàsíà. Bàbá kò fẹ́ fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, nítorí náà àwọn oníbàárà á gbé fìlà sórí itan wọn, wọ́n á kí wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ ayé, Bàbá á wá pe Ìyá pé iṣẹ́ dé. Títí Bàbá fi kú ní ọdún 2014, kò sí ẹni tó lè sọ pé Ádámù kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Mo ti ní ẹnu Ìyá mú. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tó gbá ìyàwó rẹ̀ létí ní gbangba níbi tí a ti ń pọn omi. Ọjọ́ kejì, ó gbé fìlà wá sí ìsọ̀. Ìyá gbé e yí wò, wọ́n dà á padà fún un, wọ́n ní, "Fìlà yìí kò dọ̀tí. Orí tó ń dé e ló dọ̀tí, mi ò sì ní ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́." Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò mọ ibi tí àwọn máa wò. Oṣù méjì ni ọkùnrin náà fi ń gbé fìlà rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Nígbà tó padà, ìyàwó rẹ̀ ló rán ṣáájú láti wá sọ fún Ìyá pé ó ti bẹ òun. Ìyá bi obìnrin náà léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa kí wọ́n tó gba fìlà ọkọ rẹ̀.

Ohun tí Ìyá ṣe fún èmi gan-an, ọdún 2009 ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá mi wá láti Ìlọrin pé ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà ti tọrọ mi, èèyàn dáadáa ni, ó sì fẹ́ kí a tètè ṣe é. Ìyá fún wọn lóúnjẹ, wọ́n jẹ́ kí wọ́n jẹun tán. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," bàbá mi sọ, "ọmọ mi ni Ameerat."

"Mi ò bá ọ jiyàn. Ìwọ lo bí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o mú un wá, o ò dá ìgbà tí o máa gbà á padà. Jẹ́ kó ka ìwé rẹ̀ tán. Bí ọkùnrin yẹn bá ṣì ń fẹ́ ẹ, kó wá bi Ameerat fúnra rẹ̀."

"Wọ́n á ní mi ò láṣẹ lórí ọmọ mi."

"Kí wọ́n sọ pé èmi ni mo gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ. Sókótó jìnnà, mi ò ní gbọ́."

Bàbá mi fi ìbínú lọ lọ́jọ́ kejì. Ọdún méjì ni wọn kò fi bá Ìyá sọ̀rọ̀. Àbúrò kan ṣoṣo tí Ìyá ní láyé ni wọ́n, mo sì mọ̀ pé ó dun Ìyá, nítorí pé bí fóònù bá dún ní ọjọ́ ọdún, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi lọ́jọ́ kan. Lọ́dọọdún, wọ́n ń di fìlà kan ránṣẹ́ sí bàbá mi nípasẹ̀ àwọn tó ń lọ sí Ìlọrin. Ẹ̀kẹta rẹ̀ ni bàbá mi gbà tí wọ́n fi pè. Ìyá kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọ́n kàn bi wọ́n pé ṣé fìlà náà bá orí wọn mu.

Lẹ́yìn tí Bàbá Ádámù kú, tí Ìyá sì ṣe opó tán, àwọn ẹbí ní kò yẹ kí wọ́n dá gbé òkè Ọya mọ́. Wọ́n wá kó wọn lọ sí Pàkátà. Èmi ti wà ní yunifásítì nígbà náà. Ìyá á pè mí, wọ́n á ní gbogbo èèyàn ń ṣe dáadáa sí àwọn, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kí àwọn gbé garawa omi. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Wọ́n ń gbé mi bí ẹni gbé ẹyin, Ameerat. Ẹyin kì í sì í ṣe nǹkan kan láyé." Oṣù kẹta kò tíì pé nígbà tí mo kọjá ní Kofar Doya ní ọjọ́ Àlàmísì kan, mo rí Ìyá lórí bẹ́ǹṣì wọn, ọwọ́ wọn wà nínú omi ọṣẹ. Àpò ìrìn-àjò wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kò tíì délé. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ìlọrin.

Ìyá ní, "Kò sí nǹkan. Mo ti kí wọn tán ni."

Nígbà tí mo gboyè ní ọdún 2016, bàbá mi wá. Ní iwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n wọn lórí iyanrìn. Ìyá ní, "Dìde, aṣọ funfun lo wọ̀, èmi náà lo sì máa ní kí n fọ̀ ọ́." Mo di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, ibẹ̀ náà ni mo wà títí di òní. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dúró níwájú kíláàsì, tí mo rí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń bá ìṣirò kan jà tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀, mo máa ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi kí n tó bá a dá sí i.

Ní ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn, ìka Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Nana mú opó kan wá bá wọn, Zulaihat, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ní ọmọ méjì. Ìyá gbà láti kọ́ ọ. Wọ́n le mọ́ ọn ju bí Nana ṣe le mọ́ àwọn lọ. Ọjọ́ tí Zulaihat kọ́kọ́ dé ìsọ̀, tó dúró tìtìjú tìtìjú, Hassan tó ti darúgbó ní kó yáa jókòó kíá, nítorí pé àwọn kò lágbára láti tún máa wo obìnrin tó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Lónìí, Zulaihat ló ni àyè náà, ó sì ti ń kọ́ obìnrin mìíràn.

Àìsàn Ìyá kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ibà ni a kọ́kọ́ pè é, dókítà wá ní ọkàn wọn ló ti rẹ̀. Ìyá ní kí a gbé àwọn padà sílé. Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo po tíì fún wọn. Ó ti ń wù mí láti sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kan fún wọn láti ọdún pípẹ́, mo sì ti tò ó sínú ọkàn mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín." Ìyá tọ́ tíì náà wò, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ fi ṣúgà sí i. Mo lọ fi ṣúgà sí i. Ìgbà tí mo dé, wọ́n mu ún tán, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Mo ti gbọ́ ọ." Wọ́n sùn lọ. Kí oòrùn tó kàntàrí, wọ́n ti lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni a sin wọ́n. Èrò tó wá pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ: àwọn ọmọ Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Sókótó, àwọn tó ń fọ fìlà, àwọn tó ń ta awọ ní Kara, àti ọ̀pọ̀ Haúsá tí mi ò mọ̀ rí. Bàbá mi dé láti Ìlọrin ní ọjọ́ kejì. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ dogoyárò fún wákàtí kan, Hassan jókòó tì wọ́n, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì nínú wọn.

Nana ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Mo máa ń lọ kí wọn ní gbogbo Sátidé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a ń sọ̀rọ̀ Ìyá, Nana sì sọ pé nínú àádọ́ta ọdún tí àwọn fi jọ gbé, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àwọn jà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, Àlàkẹ́ ló jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, àwọn ni àwọn lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bi Nana pé kí ló dé tí àwọn tí kò jẹ̀bi fi lọ ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ń jà, ilé máa ń dákẹ́ jù. Wọ́n wá na ife fùrá sí mi, wọ́n ní kí n mu ún kó tó gbóná, a sì jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun.